Iná Iwájú Méjì tí Mo Gbé Lọ sí Wagadúgù

Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, láti ọjọ́ tí mo ti dé lẹ ti ń bi mí pé ọmọ tí mo lọ mú wálé dà. Ẹ bi mí lójú ọ̀nà, ẹ bi mí níbi iṣẹ́, àní ẹnì kan bi mí níbi tí mo ti ń ṣe àlùwàlá. Mo dáhùn títí ó fi sú mi. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, kí n má fo ohun kan, kí ẹlòmíràn má sì fi tirẹ̀ kún un. Ẹ mọ̀ pé oògùn ni mò ń kà, tí mo sì ń wọ̀n, nílé ìwòsàn. Mo mọ ohun tí ẹ̀kán kan ṣoṣo tó bá lé lè dá sílẹ̀.

Fọ́tò inú lẹ́tà

Lásísì àbúrò mi ti ń ta aṣọ ní Zangouettin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ńlá Wagadúgù, kó tó di pé wọ́n yí orúkọ ilẹ̀ náà padà sí Burkina Faso. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo fi Mọ́nsúrátù, àkọ́bí mi, sí nígbà tó jáde ìwé, kó lè kọ́ òwò. Lẹ́yìn ọdún méjì, lẹ́tà kan dé, fọ́tò sì wà nínú rẹ̀. Ọmọ mi ló dúró níwájú ọkọ̀ tí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè. Ó wọ ṣòkòtò, ó ká apá ẹ̀wù rẹ̀, ó fi wáyà pupa kọ́rùn bí ẹni fi ìlẹ̀kẹ̀ kọ́rùn. Ó kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò náà pé: "Màámi, mo ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù Àlàájì Lásísì. Iṣẹ́ rewáyà ni mò ń kọ́. Ọ̀gá mi ní ọwọ́ mi dára."

Ìgbà mẹ́rin ni mo kà á. Lójú tèmi, bátìrì ti bẹ́, ásíìdì ti ta sí i lójú, ọkọ̀ ti já bọ́ lórí jáàkì. Mo kọ̀wé ìbínú sí Lásísì. Ó dáhùn pé ìjọba tuntun ibẹ̀, ti Ààrẹ ọ̀dọ́ tó jẹ́ sójà, sọ pé kò sí iṣẹ́ ọkùnrin kan tí obìnrin kò lè ṣe, àti pé òun bẹ Mọ́nsúrátù títí, kò gbọ́.

Mo pinnu pé màá lọ mú un wálé. Ṣùgbọ́n a kì í fi ọwọ́ òfo gba ọmọ lọ́wọ́ ọ̀gá, bí kì í tilẹ̀ ṣe ìwọ lo fà á lé e lọ́wọ́. Mo ra obì. Obì nìkan kò sì tó fún rewáyà, nítorí náà mo lọ sí Ìbàdàn, sọ́dọ̀ ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, mo bi í pé kí ni rewáyà máa ń fẹ́ràn. Ó gbé iná iwájú ọkọ̀ méjì sílẹ̀ fún mi, wọ́n rí rìbìtì bí àwo ọbẹ̀, wọ́n wà nínú páálí wọn, kò sẹ́ni tó ṣí i rí. Ó ní, "Màmá, ojúlówó Ìlú Ọba rèé. Ó ti wà lọ́wọ́ mi tipẹ́, mo kàn ń ṣìkẹ́ ẹ̀ ni." Mo yẹ̀ wọ́n wò lójú oòrùn. Wọn ò sán, wọn ò họ. Ọfà kékeré kan wà lára gíláàsì kọ̀ọ̀kan, mo sì rò pé àmì ojúlówó ni.

Ẹrù tí kì í sunkún

Ọ̀pọ̀ èrò ló gbé ẹrù wọn sórí ọkọ̀. Èmi kò gbé tèmi. Ìró mẹ́ta ni mo fi wé iná méjèèjì, orí itan mi ni wọ́n sì wà láti Ògbómọ̀ṣọ́ títí dé Wagadúgù. Nígbà tí a dé ilẹ̀ Nìjẹ̀, obìnrin Ṣábàmá kan, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà ibẹ̀, tó jókòó tì mí, tó gbọ́ Yorùbá díẹ̀, tẹjú mọ́ ẹrù náà títí, ó ní, "Ìyá, ọmọ yín mà ní sùúrù o! Láti òwúrọ̀, kò sunkún." Mo ṣí ìró náà díẹ̀ fún un. Ó pa àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ẹnu, ó sì rẹ́rìn-ín dé ìlú tó kàn.

Ní ẹnubodè Burkina, ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ sójà ní kí n tú ẹrù mi. Ó gbé iná kan sókè, ó yí i wò. Inú rẹ̀ ń dán bíi dígí, ọmọbìnrin náà sì rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, ó tún wò ó. Lẹ́yìn náà ló bá mi wé e padà dáadáa ju bí mo ṣe wé e lọ, ó sì kan sáárá sí mi bí ẹni ń kí ọ̀gágun. "Bon voyage, maman." Ó ń kí mi pé kí n rìn ire. N kò tíì rí aṣọ́bodè tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ nípa àwọn ará ibẹ̀. Wọn kì í bi àlejò ní ìbéèrè kó tó mu omi. Ní abúlé kan tí a dúró sí, bàbá arúgbó kan gbé igbá jáde, omi tí wọ́n po ìyẹ̀fun ọkà bàbà àti atalẹ̀ mọ́ ló wà nínú rẹ̀. Ẹ mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Ẹni tó ti rí ohun tí omi lè ṣe fún inú ènìyàn kì í sáré gba igbá. Mo mi orí. Ojú bàbá náà fà ro. Obìnrin Ṣábàmá fi ìgúnpá gún mi, ó ní, "Ẹ mu ún. Bí ẹ ò bá mu ún, kò ní lè kí yín." Mo mu ẹnu mẹ́ta. Ìgbà náà ni bàbá tó bèèrè ibi tí mo ti wá, ilé ńkọ́, ọmọ ńkọ́. Mo fi ọjọ́ mẹ́ta ṣọ́ inú mi. Kò run mí.

Àwọn iná aláwọ̀ ẹyin

Òwúrọ̀ ọyẹ́ ni a wọ Wagadúgù. Eruku dí ojú ọ̀run débi pé, bí oòrùn tilẹ̀ ti yọ, gbogbo ọkọ̀ ló tan iná. Gbogbo iná wọn ló sì pọ́n bíi pupa inú ẹyin. Mo rò pé eruku ló fà á. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo gbọ́ pé àṣà Faransé ni, gílóòbù aláwọ̀ ẹyin ni òfin fẹ́ níbẹ̀.

Ìlú náà mọ́. Àwọn ará àdúgbò ń gbálẹ̀ fúnra wọn, wọ́n ti kun ògiri ojú títì ní funfun, àwọn akọ̀wé ìjọba sì wọ aṣọ òwú tí wọ́n fọwọ́ hun, tó jọ òfì wa bí ọmọ ìyá. Obìnrin ló pọ̀ jù lórí alùpùpù, wọ́n fi gèlè bo imú. Ọ̀kan nínú wọn yà sọ́dọ̀ wa ní ibùdókọ̀, ó bọ́ sílẹ̀, ó tú gèlè imú rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ sínú eruku pẹ̀lú ṣòkòtò. Ọmọ mi ni.

Mo fà á dìde, mo di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

"Màámi, ṣé ìka mi lẹ̀ ń kà?"

"Mo kàn ń wò ó ni."

"Mẹ́wàá ni. Èmi náà máa ń kà á."

Lásísì tó tẹ̀ lé e bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàbọ̀, bonne arrivée! Ẹ gbé ẹrù yẹn fún mi." Mo kọ̀. Àfi ìgbà tí mo dé ilé rẹ̀ ní Zangouettin tí mo gbé e kalẹ̀ sáàárín ibùsùn ni ejìká mi tó wálẹ̀. Oúnjẹ tí ìyàwó rẹ̀ sè jọ ọkà, funfun ni, ó sì tutù lẹ́nu. Ọbẹ̀ ilá tó gbẹ ni wọ́n fi jẹ ẹ́. Àwọn ọmọ Lásísì kí mi ní Yorùbá, wọ́n jà ní Faransé, wọ́n sì tọrọ ẹran ní Yorùbá padà. Mo jẹun, mo yó. Ṣùgbọ́n mo ti rí àwọn ihò kéékèèké lára ṣòkòtò Mọ́nsúrátù. Ásíìdì ló jẹ ẹ́. Mo ka méje.

Ohun tí mo wá sọ

Gounghin ni ibi iṣẹ́ náà wà, lábẹ́ igi dóńgóyárò, ní ojú ọ̀nà tó lọ sí Bobo. Ọ̀gá Bukaré, ọkùnrin Mọ̀ọ́sì kan tó sanra, tó ti tó ẹni àádọ́ta ọdún, dìde nígbà tó rí mi, ó fi àga tirẹ̀ fún mi, òun sì jókòó sórí táyà. Omi kọ́kọ́ dé. Mo mu ún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo ti gbọ́n.

Mo gbé obì àti iná sílẹ̀, mo sì sọ pé ọmọ mi ni mo wá mú. Ẹ wò ó, n kò gbọ́ Mọ̀ọ́rè, èdè àwọn Mọ̀ọ́sì, n kò gbọ́ Faransé. Mọ́nsúrátù fúnra rẹ̀ ló ní láti bá mi túmọ̀ ọ̀rọ̀ tó máa yọ ọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ó dúró tààrà, ó wo ilẹ̀, ó sì túmọ̀ gbogbo rẹ̀. Lásísì tó gbọ́ èdè méjèèjì ń mi orí ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, mo sì mọ̀ pé ọmọ náà kò yọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan.

Ọ̀gá Bukaré pa obì, ó jẹ ẹ́ tán kó tó dáhùn. Ó ní ọdún kan péré ló kù fún Mọ́nsúrátù, ṣùgbọ́n ìyá ló lọmọ. Ohun kan ṣoṣo lòun fẹ́. Ọkọ̀ kan ń bọ̀ tí iná rẹ̀ kò dára, ó sì gbọ́dọ̀ kó èrò ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta. Mọ́nsúrátù nìkan ni yóò ṣe é, èmi yóò sì jókòó wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. "Bí ìyá bá rí ohun kan nínú iṣẹ́ náà tó yẹ kó bẹ̀rù, kó mú ọmọ rẹ̀, èmi ni màá gbé ẹrù rẹ̀ dé ibùdókọ̀. Bí kò bá rí i, kó fi í sílẹ̀ fún mi fún ọdún kan yẹn."

Mo gbà. Kí ni kò ní jẹ́ kí n gbà? Rírí àbùkù ni iṣẹ́ mi.

Lẹ́yìn náà ló ṣí páálí iná. Ẹ ò bá rí ayọ̀ rẹ̀! Ó gbé e lé àyà, ó ní ẹ̀bùn ìyá kì í sùn nínú páálí, ara ọkọ̀ tó ń bọ̀ náà ni wọn yóò fi í sí. Mọ́nsúrátù ní, "Patron, iná ọkọ̀ Salifu awakọ̀ yẹn kò kú. Mo wò ó lọ́sẹ̀ tó kọjá. Máàsì rẹ̀ ló bàjẹ́."

"Ìyá rẹ gbé e wá láti Nàìjíríà lórí itan, o wá fẹ́ kó gbé e padà?"

Ọmọ náà kó àwọn páálí lọ sábẹ́ igi. Lásísì ló sọ ọ̀rọ̀ wọn fún mi létí.

Ẹrú àti ajá

Ọkọ̀ náà dé kó tó di ọ̀sán. Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré ni, tapólì bo ẹ̀yìn rẹ̀, bàṣé ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Salifu tó ni ín máa ń kó èrò láti Tampouy lọ sí Ouahigouya. Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀, Ọ̀gá Bukaré na ìka sí i, ó kígbe nǹkan kan. Salifu náà kígbe padà, ó gbé sípánà nílẹ̀. Mo dìde. Mo fa Mọ́nsúrátù sẹ́yìn mi.

"Màámi, ẹ jókòó jàre. Wọ́n ń kíra wọn ni."

"Kí ni wọ́n ń sọ?"

"Patron ní ẹrú òun dé. Salifu ní òun wá wo bí ẹrú òun ṣe ń ṣe iṣẹ́. Patron wá sọ pé kó má ṣe sún mọ́ ẹ̀yìnkùlé, òun ti ka àwọn ajá àdúgbò."

Ẹ̀yà Sámò ni Salifu. Láàárín àwọn Mọ̀ọ́sì àti Sámò, èébú bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń kí ara wọn, ẹni tó bá bínú ló jẹ̀bi. Àwọn Mọ̀ọ́sì ní ẹran ajá ni Sámò fẹ́ràn jù. Salifu sì nawọ́ sí mi, ó ní kí n bá òun bẹ ẹrú yìí kó ṣe iṣẹ́ dáadáa. Mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Ní àyè awakọ̀

Mọ́nsúrátù fi pákó dí táyà níwájú àti lẹ́yìn, ó sì ní kí n jókòó sí àyè awakọ̀. N kò jókòó síbẹ̀ rí láyé mi.

"Ẹ wo ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lápá òsì yín. Ẹ yí orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Iná kékeré nìyẹn, kì í ṣe kẹ́ ẹ lè ríran, kí àwọn ẹlòmíì lè rí yín ni. Ẹ tún yí i." Iná ńlá tàn, ó pọ́n bàìbàì. "Kóòdù nìyẹn, ohun tẹ́ ẹ̀ ń pè ní dímù nílé. Ẹ wá fa ọ̀pá náà mọ́ra títí tí yóò fi dún kọ̀." Ó dún. Iná búlúù kékeré kan tàn níwájú mi. "Fáà nìyẹn, fúùlù. Ìgbàkígbà tẹ́ ẹ bá ti rí búlúù yẹn, ẹ mọ̀ pé ẹ lè máa fọ́ ẹnì kan lójú."

Ó ní kí n tan tíráfìkétọ̀ mọ́ ọn, kí n wá sọ̀ kalẹ̀ wo iwájú. Ohun ìyanu ni: bí tíráfìkétọ̀ ṣe ń ṣẹ́jú, iná ńlá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ náà ń bá a ṣẹ́jú. "Ẹ rí i? Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Láti bátìrì ni agbára ti ń jáde, yóò gba fíúsì, yóò gba ọ̀pá tẹ́ ẹ yí, yóò dé inú gílóòbù, ó sì gbọ́dọ̀ padà sílé. Irin ara ọkọ̀ ló ń gbà padà. Máàsì nìyẹn, ẹ́ẹ̀tì làwọn rewáyà Nàìjíríà ń pè é. Ìpẹtà ti dí ojú ọ̀nà tirẹ̀, ló ṣe ń yà gba inú ilé tíráfìkétọ̀ kọjá."

Kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ó yọ wáyà bátìrì. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní kí irin má baà kan irin kó ta iná. Ó yọ gílóòbù kan, ó fi aṣọ mú un, ó fi hàn mí. Irin tín-ín-rín méjì ló wà nínú rẹ̀, wọ́n lọ́ bí irun. Ọ̀kan wà fún fáà, gbogbo abọ́ tó ń dán tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń ti ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lọ tààrà. Èkejì wà fún kóòdù, irin kan bíi ṣíbí kékeré sì wà lábẹ́ rẹ̀, tí kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ dé ìdajì abọ́ tó wà nísàlẹ̀, kí ó lè dà sí ilẹ̀ nìkan. "Ẹ̀gbẹ́ kan ṣíbí náà sì rẹlẹ̀ díẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ lè gòkè díẹ̀ sápá ọ̀tún, níbi tí ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ ń gbà, kó má dé ojú ẹni tó ń bọ̀ lápá òsì."

"Bí fíúsì bá wá jó lójijì ńkọ́?"

"Iná kọ̀ọ̀kan ní fíúsì tirẹ̀, kí méjèèjì má baà kú pọ̀. Màámi, ẹ̀rù bíi tiyín ló ń ba ẹni tó ṣe ọkọ̀ yìí."

N kò rí àbùkù kankan. Gbogbo ohun tí mo ti bẹ̀rù nílé, ó ní ohun tó ń ṣe kó tó débẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó tú iná àtijọ́ méjèèjì, ó tò wọ́n sórí àpò, ó fi irin ha ìpẹtà kúrò níbi tí wáyà ti kan ara ọkọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó rán an, ó sì de àwọn iná tèmi mọ́ ọn. Tèmi kì í ṣe irú èyí tó ṣeé tú. Gíláàsì, abọ́ àti irin inú rẹ̀ ti di ara kan ṣoṣo.

Ògiri funfun

Ní ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n tó pe ìrun Màgàríbì, wọ́n ti ọkọ̀ náà wá síwájú ògiri kan tí àdúgbò ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Ẹni tó bá fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan sí i lára ni yóò tún gbogbo rẹ̀ kùn, nítorí náà òwú ni Mọ́nsúrátù fi ta ìlà. Ó wọn gíga iná sí ilẹ̀, ó ta òwú síbẹ̀, ó tún ta òmíràn ìka mẹ́ta sísàlẹ̀. Ó wá ní kí àwọn ènìyàn wọ ẹ̀yìn ọkọ̀, torí pé bí èrò bá wọlé, imú ọkọ̀ máa ń gbé sókè. Lásísì wọlé, àwọn aládùúgbò wọlé, ìyá oníẹ̀pà wọlé pẹ̀lú igbá rẹ̀.

Ó tan iná. Gbogbo wọn hó yèè. Funfun báláú!

Salifu ní, "Ọjọ́ ọdún ti dé! Ẹ jẹ́ kí n máa lọ."

Ọmọ mi nìkan ló ń wo ògiri. Orí ìmọ́lẹ̀ náà tẹ́jú lápá kan, lápá kejì ó gòkè bí òrùlé, ó kọjá òwú òkè. Ó yí ìdè orí iná, ó yí ti ẹ̀gbẹ́. Ìmọ́lẹ̀ náà rìn, ṣùgbọ́n òrùlé rẹ̀ kò kúrò níbi tó wà. Apá òsì ni.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka tọ ọfà kékeré tó wà lára gíláàsì. Mo rí i pé ojú rẹ̀ yí padà. Lásísì náà rí i, ó ti sọ̀ kalẹ̀, ó sún mọ́ ọn, ó sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́: "Mọ́nsúrá, ìyá ẹ ni o. Níwájú ìta báyìí? Ṣe bí ẹni tí ò rí i, o lè yọ ọ́ tó bá yá. D'accord? Ṣé ó yé ẹ?"

Ó wá síwájú mi, ó kúnlẹ̀.

"Màámi, ẹ forí jì mí. Iná yìí kò lè lọ sójú títì."

Ó dìde, ó sọ ọ́ fún ọ̀gá rẹ̀ ní Mọ̀ọ́rè, ó tún sọ ọ́ fún mi. Fún ọ̀nà tí ọkọ̀ ti ń gba apá òsì ni wọ́n ṣe iná náà, ohun tí ọfà yẹn ń wí nìyẹn. Ọjà ayé àtijọ́ ni, láti ìgbà tí àwa ní Nàìjíríà ṣì ń gba òsì. Ojú ni mo fi rí ọjọ́ tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ bọ́ sápá ọ̀tún. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Mọ́nsúrátù nígbà náà, ó ti tóbi ju pípọ̀n lọ, mo sì pọ̀n ọ́ síbẹ̀síbẹ̀, torí n kò mọ ibi tí ọkọ̀ yóò ti yọ. Èmi ni mo tún wá gbé iná òsì wá.

Ojú tì mí, mo sì bínú. Ṣùgbọ́n n kì í gba ohun tí n kò wọ̀n. Mo ní, "Fi hàn mí."

Wọ́n yí ọkọ̀ náà kọjú sí ọ̀nà. Ó mú àpótí ìjókòó kan, ó ka ogún ìṣísẹ̀, ó gbé mi jókòó sápá ibi tí ọkọ̀ mìíràn ìbá ti máa bọ̀. "Ẹ̀yin lẹ̀ ń wakọ̀ bọ̀, Màámi. Kóòdù ni mo máa tàn o, kì í ṣe fáà." Ó tàn án.

Bí ẹni fi ata sí mi lójú ni. Mo pa ojú dé. Nígbà tí mo là á, òbìrí aláwọ̀ ewé ń fò káàkiri, ewúrẹ́ kan sì kọjá níwájú mi tí n kò rí i, àfi ìgbà tó fi ara nu ìró mi. Mo ronú nípa àwọn obìnrin orí alùpùpù tí wọ́n fi gèlè bo imú. Mo ronú nípa ọmọ tèmi lórí alùpùpù.

"Yọ ọ́," ni mo wí.

Ìdáhùn

Ó yọ ọ́, ó sì dá iná àtijọ́ padà. Ó tàn án. Àwọn iná tó ti pọ́n bàìbàì ní ọjọ́ kìíní mọ́ roro bíi pupa inú ẹyin, wọ́n jókòó sórí òwú ìsàlẹ̀, wọ́n gòkè díẹ̀ sápá ọ̀tún. Ó tan tíráfìkétọ̀. Ó ṣẹ́jú, òun nìkan.

Ọ̀gá Bukaré ṣí fìlà rẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ó ní, "O sọ fún mi. Mo ń ro ti ẹ̀bùn, n kò gbọ́." Salifu ní òun ti mọ̀ tipẹ́ pé ẹrú òun kò ní etí. Ọ̀gá náà yíjú sí mi.

"Ìyá, ẹ ti wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí lẹ rí tó yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù?"

Mo ní, "Ohun kan ṣoṣo ni mo rí, èmi ni mo sì gbé e wá. Mo fi ọmọ mi lé yín lọ́wọ́ fún ọdún kan náà. Láti òní lọ, èmi ni mo fà á lé yín lọ́wọ́."

Mọ́nsúrátù bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀. Ó dé àárín, ohùn rẹ̀ já. Lásísì ló bá a parí rẹ̀.

Wọn kò jẹ́ kí n gbé iná padà. Orí ẹ̀ka dóńgóyárò ni ọ̀gá náà so ọ̀kan kọ́, ó kọjú ọfà rẹ̀ síta, kí ẹnikẹ́ni tó bá wá kọ́ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ lè kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kà á. "Barka, maman," ló fi dúpẹ́, ó sì tún un wí.

Ní ìdájí ọjọ́ kẹta, mo ní kí wọ́n mú mi lọ sí Tampouy. Lásísì ní kí ni mo tún fẹ́ wò. Nínú eruku ọyẹ́, mo lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì, lápá ibi tí ojú ti máa ń fọ́. Bàṣé Salifu yọ, èrò kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Mo tẹjú mọ́ iná náà, n kò ṣẹ́jú. Mo rí kẹ̀kẹ́ tó wà níwájú rẹ̀, mo rí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó fa igi, mo tilẹ̀ rí eyín Salifu níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín sí mi.

Ìbàdàn

Ìbàdàn ni mo kọ́kọ́ yà sí kí n tó wálé. Ọ̀gbẹ́ni tó tà á fún mi dá mi mọ̀.

"Màmá, ṣé iná yẹn ò tàn ni?"

"Ó tàn. Ibi tí kò yẹ ló tàn sí."

Mo ní kó kó gbogbo èyí tó kù jáde. Páálí mọ́kànlá ni. A ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fi ọfà hàn án, mo ṣàlàyé òsì àti ọ̀tún, mo ṣàlàyé ojú ẹni tó ń bọ̀ lọ́nà, n kò sì kúrò níbẹ̀ títí ó fi fi ṣọ́ọ̀kì samì sí gbogbo wọn pé wọn kò gbọdọ̀ lọ sójú títì. Ó gbọn ọwọ́ nù, ó ń wò mí.

"Ta ló kọ́ yín ní gbogbo èyí, Màmá?"

"Rewáyà kan ní Wagadúgù."

"Háà, àwọn rewáyà ibẹ̀ mà mọṣẹ́ o! Ẹ bá mi kí i. Kí Ọlọ́run bá a wo ìyàwó àtàwọn ọmọ ẹ̀."

Mo di gèlè mi le.

"Kò tíì lọ́kọ," ni mo wí. "Ó ku ọdún kan kó gba fíríìdọ̀ọ̀mù."